Wọ́n Yọ Ginji Kúrò

Kò sí níbẹ̀. Mo tún wò ó... kò sí níbẹ̀. Tessai rèé, ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú aṣọ funfun àti ìgbéraga rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó yẹ kí àbúrò rẹ̀ wà, obìnrin kan tó ń fi agboòrùn jà ni wọ́n fi síbẹ̀. Agboòrùn! Ẹ̀dà tuntun géèmù ìjà yìí wọlé láàárọ̀, wọ́n sì ti yọ Ginji bí ẹni yọ eegun ẹja lẹ́nu.

Aago ń sáré lójú ẹ̀rọ. Mo ti ju owó ẹyọ sí i lẹ́nu. Ta ni kí n yàn?

"Àwòkọ lásán ni Ginji, Bàbá." Mizorogi ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé kọfí inú agolo dání. Awakọ̀ tó ń pín ẹrù kiri Ọ̀sákà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ yá jù ú lọ. "Ìpá kan náà, ẹ̀ṣẹ́ kan náà. Wọ́n kàn rẹ aṣọ rẹ̀ láró dúdú ni. Ó kàn ń gbàyè."

Ó ń gbàyè... Ìwọ ńkọ́? Awakọ̀ tó jọ ọ́ pọ̀ nígboro bí eṣú, ta ló ní kí wọ́n yọ ọ́?

Wọn ò jọra. Ìpá Tessai a máa já lójijì. Ginji a kọ́kọ́ mí — mímí kékeré kan, kí ẹsẹ̀ tó jáde. O ti dènà, o ti rò pé ó ti tán, o ti tú ọwọ́ sílẹ̀... ìgbà yẹn ni yóò dé. Ẹni tí ìpá yẹn ò bà rí ló ń pè é ní àwòkọ.

Mo ti fọ́ òkúta ní Sàpóró. Mo ti ha ìpẹtà ìdí ọkọ̀ ní Kóbè, mo ti sùn nínú yàrá alágbàṣe níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti béèrè orúkọ mi. Níbí náà, nílé eré géèmù yìí, wọn ò béèrè. Oníjà tí o bá ń yàn ni orúkọ rẹ. "Bàbá Ginji dé o!" — Màmá Kuwana, tó ni ilé eré, ló máa ń kígbe bẹ́ẹ̀ bí mo bá ti yọjú. Mi ò bímọ kankan láyé. Ginji nìkan ló sọ mí di bàbá ẹnì kan. Lónìí ńkọ́? Bàbá ta ni?

Ó yẹ kí n dìde. Ó yẹ — Mizorogi wà lódìkejì, nídìí ẹ̀rọ tó fẹ̀yìn ti tèmi. Mi ò rí i. Ẹ̀rín rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ó ti yan alágboòrùn. "Bàbá, ẹ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jàre! Ṣebí ẹ ní wọn ò jọra? Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Ọlọ́gbọ́n burúkú. Bí mo bá fi Tessai borí, wọn á ní ṣebí àwọn ti sọ, ọ̀kan ti tó. Bí mo bá pàdánù, màá dìde fún ẹni tó kàn, wọn á ní arúgbó ti rọ.

Kí wọ́n ní mo rọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Kí n pàdánù, kí gbogbo wọn rí i pé ọwọ́ tó mọ Ginji ò mọ Tessai. Nǹkan kan ṣoṣo tó kù tí mo lè ṣe fún un nìyẹn.

Mo yan Tessai.

Mo tẹ bọ́tìnì... ìpá ti balẹ̀ kí n tó ronú tán. Alágboòrùn ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Òmíràn. Òmíràn. Níbo ni mo ti kọ́ ọ? — Báwo ni mi ò ṣe ní kọ́ ọ? Gbogbo ọdún tí mo fi ń yan Ginji, Tessai ni wọ́n ń fi bá mi jà. Kò sí ìpá rẹ̀ kan tí mi ò tíì jẹ.

"Yéè! Ẹ wo Bàbá Tessai!" Màmá Kuwana nìyẹn. Kíá báyìí.

Ẹ̀mí alágboòrùn ò ju ṣíún lọ mọ́. Tú ọwọ́ sílẹ̀, arúgbó. Tú u sílẹ̀... Ìka mi ò gbọ́. Kì í ṣe ìka. Èmi ni. Èmi ni mi ò gbọ́. Ó dùn — ó dùn, bí ọmú ìyá. Bí àwọn tó ṣe géèmù yìí bá bi mí nísinsìnyí pé èwo nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni kí àwọn yọ... mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dárúkọ Ginji.