Ìdì Koríko Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Nígbà tí Ọba kò tíì fẹ́ ju ìyàwó kan lọ, ara aṣọ ààfin gan-an la máa ń rán àmì ayaba sí. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí mo bá wọn rán èso pómégíránétì, àmì ayaba àkọ́kọ́. Ìka mi kéré, ó ń wọ ibi tí ìka àgbà kò lè wọ̀. A rán an mọ́lẹ̀ ṣinṣin bí ẹni pé ayé kò ní yí mọ́. Nígbà tí Ọba lé obìnrin náà kúrò lẹ́yìn ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tú òwú, aṣọ náà sì ya mọ́ wa lọ́wọ́.

Àṣá ló tẹ̀ lé e, àmì ayaba kejì. Ọdún mẹ́ta péré ló lò, wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Láti ìgbà náà ni Ọ̀gá Lambert, tó ni ilé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wa, ti fi òfin kan lélẹ̀. Ó ní kí a máa rán àmì ayaba sára àbùlẹ̀ ọ̀tọ̀, kí a wá lẹ àbùlẹ̀ náà mọ́ aṣọ ní ìrán gígùn-gígùn, èyí tí èèyàn lè fà yọ lẹ́ẹ̀kan. Kò sọ ìdí rẹ̀, a kò sì bi í. Ayaba kẹta kú sórí ìkúnlẹ̀, a fa tirẹ̀ yọ pẹ̀lú omijé. Ẹ̀kẹrin kò lo oṣù méje tí Ọba fi ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Ó ti mọ́ mi lára nígbà náà. Mo ń fà á yọ bí ẹni ń bó èèpo àlùbọ́sà.

Ìdí nìyí tí àwa oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ fi máa ń mọ̀ kí ìlú tó mọ̀, tí a sì kọ́ láti má ṣe fi hàn pé a mọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, Ọ̀gá Lambert gbé àrán pupa kan wá, aṣọ tí wọ́n fẹ́ ta sókè orí ìjókòó ayaba karùn-ún, ọmọdébìnrin tí Ọba fẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kẹrin. Òdòdó rósì tó dé adé ni àmì tirẹ̀.

"Ẹ rán etí rẹ̀ yípo," ni Ọ̀gá wí. "Ẹ rán àwọn ewé. Àárín rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀."

Mo gbé ojú sókè. "Òdòdó náà ńkọ́, Ọ̀gá?"

"Mo ní kí ẹ fi sílẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Sibyl, ṣé torí abẹ́rẹ́ ni mo ṣe gbà ọ́ síṣẹ́ ni, àbí torí ẹnu?"

Petronel tó jókòó kọjú sí mi bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ẹ má dá a lóhùn. Opó ni. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀ nílé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ojú Petronel kò rẹ́rìn-ín. Àárín aṣọ náà ló ń wò, ibi òfìfo yẹn, bí èmi náà ti ń wò ó.

N kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú Petronel. Ilé rẹ̀ ló kọjú sí tèmi ní òpópónà kékeré tó lọ sí èbúté, àbúrò ọkọ rẹ̀ sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ilé ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ Ọba. Ohun tó bá wọ etí irú obìnrin bẹ́ẹ̀, ta ló mọ ibi tí yóò sùn?

Mo sì ní ohun tí mo ń fi pamọ́. Tamsin, ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún mi, wà láàfin, ó ń tún aṣọ ṣe fún àwọn obìnrin tó ń dúró ti ayaba. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Nígbà tó wálé gbẹ̀yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sọ fún mi pé ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fún òun ní ẹrù kékeré kan kí òun gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. "Fìlà lásán ni, Màámi. Ayaba ló fi ṣe é lọ́rẹ." Mo ní kó má tún sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. N kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, bí a ti ń ti iṣẹ́ bọ̀, Petronel bá mi lọ́nà.

"Ìyá Tamsin, ọmọ rẹ ń bọ̀ lọ́la, àbí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ṣebí gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń gbé aṣọ wá? Ṣé ó ti di àṣírí ni?"

"Kì í ṣe àṣírí."

"Ó dáa." Ó fa ìbòrí rẹ̀ mọ́ra. "Odò ò dáa lásìkò yìí. Ẹni tó bá ti wálé, kó kúkú jókòó sílé."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ìkìlọ̀ ni, àbí pańpẹ́? Bí mo bá dá ọmọ mi dúró, ṣé kì í ṣe pé màá fi hàn pé mo mọ nǹkan?

Tamsin dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ orin rẹ̀ láti èbúté kí n tó rí i. Ó ju apá aṣọ méjì sórí tábìlì, ó fa búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ sọ́dọ̀, ó ń jẹun ó ń ròyìn.

"Wọ́n ti dá àwọn olórin padà sílé, Màámi. Ilẹ̀kùn ayaba, títì ni wọ́n ń tì í báyìí. Àwọn ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pe méjì nínú àwọn obìnrin wa láti ọjọ́ Ẹtì, wọn ò tíì padà."

"Kí ni wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀?"

"Wọ́n ní ayaba ń sinmi ni. Gbogbo wa gbà pé oyún ni."

Mo rántí àárín àrán pupa yẹn. Ayaba tó lóyún, a kì í fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìlọ́po méjì la máa ń rán.

"Tamsin. Ẹrù tí o gbé lọ́jọ́sí, ẹ̀ẹ̀melòó lo gbé irú rẹ̀?"

Ó dẹ́kun jíjẹ. "Mo ti sọ fún yín."

"Ẹ̀ẹ̀kan lo sọ fún mi."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìwé ni. N kò kà á, Màámi, mo fi Ọlọ́run búra."

N kò bá a wí. Mo dìde, mo lọ sí ibùso ẹṣin tó wà lẹ́yìn ilé, mo di ẹ̀kúnwọ́ koríko gbígbẹ kan, mo gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ìṣó kan wà lára ilẹ̀kùn náà. Ọdún karùn-ún rèé tí wọ́n ti kàn án síbẹ̀, lọ́dún tí wọ́n pa ayaba kejì, nígbà tí àrùn ńlá wọ ilé wa, tó mú Ambrose ọkọ mi ní ọjọ́ Àìkú, tó sì mú Hugh, ọmọ wa ọkùnrin, ní Ọjọ́rú. Òfin ni: ilé tí àrùn bá wọ̀ yóò gbé ìdì koríko kọ́ síta fún ogójì ọjọ́. Ẹni tó bá ti inú rẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí Ọba wà. Ọba wa kò bẹ̀rù ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rù àrùn. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, èmi ni mo já koríko yẹn sílẹ̀, mo sì ní n kò ní gbé irú rẹ̀ kọ́ mọ́ láyé. Báyìí, mo gbé e kọ́ ní gbangba.

Tamsin yọjú. "Màámi, kí lẹ̀ ń ṣe? Ta ló ń ṣàìsàn?"

"Ìwọ ni."

"Ara mi le koko!"

"Lọ dùbúlẹ̀."

"Wọ́n ń retí mi láàfin kí ilẹ̀ tó ṣú! Ayaba ò ní ẹlòmíràn tó ń..." Ó rí ìṣó náà. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Màámi. Ẹ ń fi ikú Bàámi purọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi tí n kò mọ̀ pé ó ṣì ń dùn mí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," mo sì ti ilẹ̀kùn.

Láti ojú fèrèsé, mo rí Petronel ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ó ti rí Tamsin láàárọ̀ yẹn tó ń fò láti inú ọkọ̀ ojú omi bí ewúrẹ́. Ó wo koríko náà, ó wo fèrèsé mi. Lẹ́yìn náà ó wọ aṣọ òtútù rẹ̀, ó yára gba ọ̀nà òkè lọ, ọ̀nà ilé tí àbúrò ọkọ rẹ̀ ń ṣọ́.

Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó ti parí.

Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀pá kan wó lu ẹsẹ̀ mi. Ẹnì kan ti gbé e ti ara ilẹ̀kùn. Ọ̀pá funfun ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo rẹ̀, omi igi ṣì wà lára rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rántí pé òfin kò mọ sórí koríko. Ẹni tó bá ń jáde láti ilé àrùn gbọ́dọ̀ mú ọ̀pá funfun lọ́wọ́ kí àwọn èèyàn lè yà fún un. Mo ti gbàgbé, èmi tí mo mú un fún ogójì ọjọ́ gbáko.

Èyí wá bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹnì kan mọ̀ pé n kò ní ọ̀pá. Ẹnì kan ń sọ fún mi pé òun mọ̀. Mo rò pé wọn yóò kọ́kọ́ fi mí ṣe ẹ̀sín, kí wọ́n tó mú mi.

Wọ́n dé ní ọjọ́ Ẹtì: ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú, àti ọmọ-ogun méjì. Ọkùnrin náà dúró níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí ilẹ̀kùn, ó fi aṣọ bo imú. Mo jáde sí i.

"Ìwọ ni opó Ambrose Tolley?"

"Èmi ni, ọ̀gá mi."

"Ọ̀pá funfun rẹ dà?"

Mo gbé e sókè. Ó wò ó pẹ́.

"Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ó wà lórí ibùsùn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ló kúrò láàfin. Wọ́n ní orin ló ń kọ nínú ọkọ̀."

"Bí àrùn yìí ti ń ṣe nìyẹn, ọ̀gá mi. Ọkọ mi jẹun yó ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó mú un." Òótọ́ ni èyí. Ohùn mi gé, n kò sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

"Mo fẹ́ rí i."

Mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. "Ẹ wọlé."

Kò mira. Ó yíjú sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ogun. "Wọlé lọ wò ó."

Ọmọ-ogun náà wo koríko. "Ọ̀gá, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ."

"Ìwọ ńkọ́?"

Èkejì ní, "Ọ̀gá, èmi ò tíì láya, mo ṣì fẹ́ ní."

Aláṣọ dúdú náà ṣépè. Ó wá rí Petronel lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, tó ká ọwọ́ gbera. "Ìwọ obìnrin yẹn! O mọ ilé yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó."

"Ṣé lóòótọ́ ni ọmọ náà ń ṣàìsàn?"

Petronel tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó wò mí, ó wò wọ́n.

"Ọ̀gá mi, ìró tí mo gbọ́ láàárọ̀ yìí kì í ṣe ti ọ̀fìnkìn. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ wọlé, ilé Ọba ni gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba iwájú ilé mi padà."

Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. "Tí ogójì ọjọ́ bá pé, a ó padà wá," ni ó wí.

Nínú ogójì ọjọ́ yẹn, Tamsin kò bá mi sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Láti ẹnu àwọn tó ń kọjá níta la ti ń gbọ́ ìròyìn: wọ́n ti kó àwọn obìnrin tó bá a ṣiṣẹ́ sẹ́wọ̀n, wọ́n ti pa ọ̀dọ́mọkùnrin ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, wọ́n ní òun ni àlè ayaba. Ọjọ́ pé. Ẹnikẹ́ni kò padà wá. Bóyá wọ́n ti rí orúkọ tó tó wọn. Ní oṣù kejì ọdún, wọ́n bẹ́ ayaba náà lórí. Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé orí lé orúnkún mi. "Kò jù mí lọ púpọ̀, Màámi," ló wí, ó sì sunkún títí iná fi kú nínú àdògán.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ yẹn pé tí mo padà síbi iṣẹ́, àrán pupa ṣì wà níbẹ̀, àárín rẹ̀ òfìfo. Petronel jókòó síbi tó máa ń jókòó.

Mo rọra sọ̀rọ̀. "Petronel, ọ̀pá yẹn..."

"Ọ̀pá wo?"

"O dúró tì mí. Mo fẹ́ dúpẹ́."

"Mo gbọ́ ikọ́, mo ní mo gbọ́ ikọ́. Gbé àlùmọ́gàjí yẹn fún mi." Ó gé òwú, ó wá sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè: "Àbúrò mi obìnrin wà lọ́dọ̀ ayaba kejì. Ìyá mi ò ní koríko nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wá mú un."

Ọdún mọ́kànlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́. N kò mọ̀ pé ó ní àbúrò rí. N kò sì bi í léèrè ibi tó sáré lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bóyá igi ló lọ gé, àbí ó ti dé ẹnu ọ̀nà àbúrò ọkọ rẹ̀ kó tó yí padà. Nígbà mìíràn tó bá ń rẹ́rìn-ín, mo ṣì máa ń wo ojú rẹ̀.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá Lambert gbé àmì ayaba kẹfà wá. A rán an sára àbùlẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín àrán náà ní ìrán gígùn-gígùn. Tamsin ti wà lọ́dọ̀ wa níbi iṣẹ́ nígbà náà, ó jókòó láàárín èmi àti Petronel. Ó ní kí n jẹ́ kí òun yọ ìṣó yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn, pé ó ń fa aṣọ òun ya.

Mo ní kó jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná.