Ẹja Ìyá Ọláolú

Ojú kì í ti ẹ̀gbọ́n mi Síkírù. Gbogbo Òtò ní Èkó ló mọ̀ pé ẹnu rẹ̀ mú. Nígbà tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1931, láti lọ fojú ara rẹ̀ rí àwọn oníṣòwò tó ń kó aṣọ ránṣẹ́ sí i, ìyá Ọláolú tó múlé tì wá gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan kan wá. Fúnra rẹ̀ ló rà á ní Mákòko, tó sì yan án títí tó fi gbẹ. Ọláolú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n sì máa dé sí.

“Síkírù, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ni kó o fi í lé o.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá.”

Nínú ọkọ̀ òkun, kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, tó wọ rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Obìnrin kan gbóòórùn ẹja náà, ó fi aṣọ ìnujú bo imú. Ọkùnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n, ó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá bú wọn padà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Ìtìjú bo Ẹ̀gbọ́n. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ, ó rìn dé orí afárá kan, ó sì ju apẹ̀rẹ̀ náà sódò. Mo pòṣé nígbà tó sọ ọ́ fún mi. Nítorí àwọn èèyàn tí kò tún ní í fojú kàn mọ́ láyé!

Ẹ̀gbọ́n ṣìnà, ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ó wọ bọ́ọ̀sì, kó tó rí ilé náà. Ọláolú dọ̀bálẹ̀ kí i. Ìyá òyìnbó tó ni ilé ti to àwo sórí tábìlì, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ìyá yìí ní kí n bi yín, ẹja dà? Èyí tí Màmá fi ránṣẹ́ níjelòó, àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ́. Kò gbàgbé.”

“Ó bàjẹ́ lójú òkun.”

Ọláolú wò ó. “Ẹja Màmá?”

Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n padà dé, ìyá Ọláolú ló kọ́kọ́ wọlé.

“Ṣé ó jẹ ẹ́?”

“Ó jẹ ẹ́, Màmá.”

Inú ìyá dùn. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, “Bó o ṣe gbé oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa ṣe fún ọmọ tìẹ náà.”

Gbogbo wa ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni ò lè ṣe é.