Fèrèsé Tí Fọlá Dí De Màmá

Òtútù kò tíì mú dáadáa ní Wakefield, nílùú Òyìnbó, tí Fọlá fi bẹ̀rẹ̀ sí í dí gbogbo ihò ilé. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni òun àti Akínwùmí, ọkọ rẹ̀, ń gbé; ìsàlẹ̀ ni Doyin wà, ìyàwó àbúrò Akínwùmí. Fọlá ni ìyáálé. Síbẹ̀, nígbà òtútù èṣí, tí ìyá ọkọ wọn wá láti Ọ̀yọ́, ọ̀dọ̀ Doyin ni ó sùn títí yìnyín fi yọ́ tán. Màmá ní ìsàlẹ̀ rọ òun lọ́rùn, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ kékeré náà há Fọlá lọ́fun bí eegun ẹja. Bí ó bá gbọ́ ẹ̀rín wọn láti ìsàlẹ̀, á dẹ́kun ohun tí ó ń ṣe, á tẹ́tí.

Ó dá a lójú pé òtútù ni ó lé Màmá kúrò lókè. Nítorí náà, lọ́dún yìí, ó ra ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń nà bo fèrèsé, ó fi téépù lẹ etí rẹ̀ yíká, ó sì fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i títí tí kò fi hunjọ mọ́. Ó ki àkísà sábẹ́ ilẹ̀kùn. Kò fo ihò kankan.

“Ṣé wàá dí fèrèsé ilé ìdáná náà?” Akínwùmí béèrè. “Ìwọ tí o máa ń dín ata!”

“Kí òtútù wá gba ibẹ̀ wọlé, kí wọ́n tún ní ti ìsàlẹ̀ ló dára?”

“Ta ni ‘wọ́n’?”

“Ẹ ṣáà bá mi di ibí yìí mú, Bàbá Dámi.”

Ọjọ́ tí Màmá dé, ilé ọmọ àgbà ni ó kọ́kọ́ gòkè wá, bí àṣà ti wí. Doyin ru báàgì tẹ̀ lé e. Fọlá kúnlẹ̀ kí i.

“Háà, ibí yìí mà móoru o!” ni Màmá wí, ó ń tú ìborùn rẹ̀.

Fọlá wo Doyin láti òkè délẹ̀, ó wọ ilé ìdáná láti se ọbẹ̀, ó sì da ata lílọ̀ sínú òróró gbígbóná.

Ata náà kò rí ọ̀nà jáde. Màmá sín, ó tún sín, ikọ́ sì gbé e. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ èéfín lókè àjà bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro.

“Ìyá Dámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí wíńdò!” Doyin ké.

“Mo ti dí i!”

“Ẹ ya á!”

“Kí n ya á, kí o lè rí Màmá gbé lọ, àbí?”

“Ẹ̀yin méjèèjì,” ni Màmá wí, omi ń dà lójú rẹ̀, “ṣé ẹja ni mo jẹ́ tí ẹ fi ń yan mí?”

Fọlá gbé ọ̀bẹ, ó fa ọ̀rá náà ya, atẹ́gùn sì rọ́ wọlé.

Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, ó tún kúnlẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Màá tún un dí. Òtútù kò ní mú yín lọ́dọ̀ mi.”

“Ta ló sọ fún ọ pé òtútù ni? Orúnkún mi ni. Àtẹ̀gùn yìí ń pa mí. Doyin béèrè lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá, mo sì sọ fún un.”

Ìyẹn ta Fọlá ju ata lọ. Ó ṣeé ṣe láti sé òtútù mọ́ ìta. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹlòmíràn ti béèrè ṣáájú ẹni, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí Màmá dìde láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, Doyin na ọwọ́ láti dì í mú. Fọlá bọ́ sí àárín wọn.

“Gbé báàgì, ìwọ.”

Ó ṣíwájú lórí àtẹ̀gùn, Màmá gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Ẹ yára díẹ̀, Ìyá Dámi, báàgì yìí wúwo o,” ni Doyin wí lẹ́yìn.

Fọlá dúró pátápátá.

“Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?” Màmá béèrè.

“Rárá, Màmá. Ẹ̀yin ni kí ẹ sinmi díẹ̀.”

Kò sì gbé ẹsẹ̀, kí ọwọ́ náà má baà tètè kúrò léjìká rẹ̀.