Ewé Àárọ̀, Ewé Ọ̀sán

Dókítà Nabukeera kì í fọwọ́ kan ewé. Kọ̀ǹpútà ni oko tirẹ̀. Ní ibùdó ìwádìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn Kampala, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣírò bí àwọn jíìnì inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń ta ara wọn lólobó nígbà tí àrùn tó ń mú ewé rọ bá wọlé, kó sì mọ èyí tó yẹ kí wọ́n pa lẹ́nu mọ́ kí igi má baà kú. Ọdún mẹ́fà ló fi kọ́ ọ lókè òkun.

Jíìnì àkọ́kọ́ tó dárúkọ, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ nínú igi méjìlá, wọ́n sì kó àrùn náà ràn wọ́n. Kí oṣù tó parí, gbogbo wọn ti kú.

Ssalongo, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ìbejì níbẹ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú igi nínú ilé tí wọ́n fi ọ̀rá bò, ló mú ìròyìn wá.

“Nnyabo, ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àwọn ọmọ yín ti tán. Kọ̀ǹpútà yín yìí, ṣé ó tiẹ̀ ti jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mátòókè rí?”

Nabukeera rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi wá àṣìṣe nínú ìṣirò rẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ló bá kúkú wọ bàtà ẹrẹ̀, ó tẹ̀ lé Ssalongo lọ síbi iṣẹ́. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ni ọkùnrin náà ti ń gé ewé.

“Ṣé ẹ kì í dúró kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa ni?”

“Kí n wá yan ara mi jẹ? Tó bá di ọ̀sán, inú ibí á gbóná bí ìkòkò. Ó di ọdún kọkànlá tí mo ti ń gé ewé kí aago méje tó lù.”

Ibẹ̀ ni Nabukeera ti rí àṣìṣe rẹ̀. Ewé tí ara rẹ̀ yá tó fi ṣe ìṣirò, òkèèrè ni wọ́n ti gé e, lọ́sàn-án gangan. Ewé tó ń ṣàìsàn ló ti ọwọ́ Ssalongo wá. Jíìnì a máa jí, a sì máa sùn bí èèyàn. Ìyàtọ̀ tó ti ń pè ní àrùn, ìyàtọ̀ àárọ̀ sí ọ̀sán lásán ni.

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?”

“Ta ló bi mí?”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gé ewé tí ara rẹ̀ yá àti èyí tó ń ṣàìsàn pọ̀, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìṣirò tuntun dárúkọ jíìnì mìíràn. Nínú igi méjìlá, márùn-ún yè.

“Márùn-ún péré,” Nabukeera wí.

“Lóko tèmi, àrùn yìí ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù,” Ssalongo dá a lóhùn.

Nabukeera kọ ìwé ìwádìí náà, ó sì fi orúkọ Ssalongo kún tàwọn tó ṣe é. Ọ̀jọ̀gbọ́n Byaruhanga, ọ̀gá rẹ̀, yarí.

“Agéwé? Ṣé orí ẹ pé ṣá?”

“Sà, tẹ́ ẹ bá yọ tiwọn, ẹ yọ tèmi náà.”

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi fà á. Iṣẹ́ tí Nabukeera ń lé ní Nairobi kò lè dúró de ìwé tí kò tíì jáde. Wọ́n gbé e fún ẹlòmíì. Ó dùn ún, kò sì fi bò.

Nígbà tí ìwé jáde, ó mú un lọ bá Ssalongo. Ọkùnrin náà fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan orúkọ rẹ̀ gan-an: Semwanga.

“S kan ni wọ́n kọ. Méjì ni ti bàbá mi.”

“Màá kọ̀wé sí wọn.”

“Kó jẹ́ lónìí o, Nnyabo,” ó ní, ó sì mú ọ̀bẹ tó fi ń gé ewé.