Àtẹ̀gùn Ìtẹ́ Ọba

Ọdún mẹ́sàn-án ni Arọ́pò fi mọ ọ̀rọ̀ ọba lórí, láìsọ ọ́ lójú èrò rí. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ òṣèré náà nìyẹn, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rọ́pò Àgbà Òṣèré bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ara Àgbà Òṣèré kì í ṣàìyá.

Òfin kan wà: kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn ìtẹ́ ọba dókè, kí ó sì ké sí àwọn yòókù pé ó dúró dáadáa. Ní ọjọ́ Ajé, Arọ́pò ló kàn. Ìpele kẹta yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ sọ láàárọ̀ wá sí i lọ́kàn: "Olówó orí mi, ìgbà wo lẹ máa kúrò lẹ́yìn aṣọ ìkélé?"

Ó ké pé, "Ó dúró dáadáa."

Kò pé wákàtí kan tí Àgbà Òṣèré fi ṣubú. Itan rẹ̀ kán.

Ní ọjọ́ Ẹtì, níṣojú gbogbo ẹgbẹ́, Olùdarí ní kí Gbẹ́nàgbẹ́nà, arúgbó tó kan àtẹ̀gùn náà, kó irinṣẹ́ rẹ̀ máa lọ. Aṣọ ọba ti wà lọ́rùn Arọ́pò. Wákàtí méjì ló kù kí èrò wọlé.

"Ọ̀gá, ẹ bi ẹni tó gùn ún," ni Gbẹ́nàgbẹ́nà wí.

"Ó gùn ún, ó ní ó dúró. Àbí ṣe ló fò ó?"

Òṣèré kan rẹ́rìn-ín. "Kábíyèsí tó wúwo báyìí?"

Arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí ṣa ìṣó sínú àpò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Arọ́pò wá ibòmíràn tí yóò wò, kò rí i.

"Ìpele kẹta yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi," ni ó wí. "Ọ̀gá, ìyàwó mi ló ń tì mí. Ó ní..."

"Ṣé ìyàwó rẹ ló gun àtẹ̀gùn?" Gbẹ́nàgbẹ́nà ló bi í. Kò gbójú sókè.

"Rárá, bàbá."

"Ta ló gùn ún?"

"Èmi ni."

"Ta ló ní ó dúró?"

"Èmi náà ni." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mo fẹ́ kí ó ṣubú."

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Arọ́pò bọ́ aṣọ ọba, ó gbé e sórí àga. Ó béèrè yàrá tí Àgbà Òṣèré wà ní ilé ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó jáde lọ wá a.