Ìyá Inú Ìgò

Nígbà tí Kérésìmesì ń bọ̀ lọ́dún tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, wọ gbogbo ènìyàn lára, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ oníke kan ní Sàngó-Ọ̀tà ń retí ìrẹsì. Ọdọọdún ni ọ̀gá wọn, òyìnbó ará Ítálì, máa ń fún wọn ní ìrẹsì àti òróró kí wọ́n tó lọ ìsinmi. Lọ́dún náà, Ọ̀gbẹ́ni Ṣótúndé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ pe gbogbo wọn jọ, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó ní nǹkan ti le, ìrẹsì kò sí. Àmọ́ kí wọ́n má banú jẹ́, ilé iṣẹ́ ti ro ohun tó dára ju ìrẹsì lọ. Màdáàmù Karla, ìyàwó ọ̀gá, yóò kọ́ àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì aládùn tí àwọn ará Ítálì fi ń ṣọdún Kérésìmesì. Ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tí kò bá pàtẹ́wọ́ lójú Ṣótúndé, iṣẹ́ mìíràn ló ń wá. Ebi ń pa ènìyàn, wọ́n ní àwọn yóò kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní oúnjẹ ọlọ́lá. Inú rere wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Nùrẹ́nì, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó ń tẹ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ló gbé ìròyìn ayọ̀ náà dé ilé wọn ní Ilo-Awela. Ọmọ Ìwó ni òun àti Fẹ́yìsetán ìyàwó rẹ̀, Mùsùlùmí sì ni àwọn méjèèjì. Fẹ́yìsetán bi í pé kí ló kan òun kan búrẹ́dì Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ọmọ òun kò tíì fẹnu kan búrẹ́dì lásán láti Iléyá. Òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má kó àlìkámà wọ̀lú mọ́, búrẹ́dì ti di ohun tí ènìyàn ń rí lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Nùrẹ́nì kò bá a jiyàn. Ó ní àwọn kan ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa dá àwọn ènìyàn dúró lẹ́yìn ọdún, àti pé Ṣótúndé yóò máa wo ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wá àti ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kò wá.

"Ìyá Sàkírù, jọ̀ọ́, lọ bá mi po ìyẹ̀fun náà," ó ní. "Bí wọ́n bá ní kí o kọrin Kérésìmesì mọ́ ọn, kọ ọ́."

Nínú yàrá ìjẹun ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Àwọn obìnrin bá ìyẹ̀fun àlìkámà pọ́ńbélé lórí tábìlì, funfun báláú, pẹ̀lú ẹyin, àjàrà gbígbẹ àti bọ́tà. Òfin ìjọba le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé àpótí màdáàmù kò gbọ́ ìkéde náà. Ẹ̀gbẹ́ Fẹ́yìsetán ni Ẹfúnkẹ́ jókòó sí. Ìyàwó Ògúndèjì tó ń ṣọ́ géètì ni, ọmọ bíbí Ọ̀tà, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Gẹ̀ẹ́sì màdáàmù kò tó nǹkan, nítorí náà Ṣótúndé ló ń túmọ̀. Ìdajì ohun tí obìnrin náà ń sọ ló ń yé òun náà. Ìdajì yòókù, ó ń fi làákàyè ara rẹ̀ dí i.

Màdáàmù gbé ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò kan wọlé, ó fi aṣọ funfun wé e bí ọmọ tuntun. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó rí ràkọ̀ràkọ̀, tó ń hó. Ó gbé e mọ́ àyà, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ṣótúndé wúkọ́.

"Màdáàmù ní ìyá òun nìyí."

Obìnrin kan tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà rọra sún mọ́ ilẹ̀kùn sí i.

"Ó ní ìyá òun àgbà ló gbé e lé ìyá òun lọ́wọ́, pé orí itan ni òun gbé e lé nínú ọkọ̀ òfurufú títí dé Ìkẹjà. Ó ní ojoojúmọ́ ni òun ń fún un lóúnjẹ."

Ẹfúnkẹ́ tẹ̀ sí Fẹ́yìsetán létí, ó bi í ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí gbogbo ilé gbọ́, bóyá àwọn ará Ítálì kò rílẹ̀ sìnkú sí ni.

Màdáàmù rí ojú wọn, ó ṣí ìgò náà, ó ní kí wọ́n máa gbóòórùn rẹ̀ kiri. Nígbà tó kan Fẹ́yìsetán, ó rí i pé ó kan bí omi ògì. Ìyẹ̀fun tí wọ́n pò tí wọ́n sì jẹ́ kó kan ni, òun ni àwọn ará Ítálì ń pè ní ìyá. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń bù sí ìyẹ̀fun tuntun kó lè wú, tí wọ́n á sì tọ́jú ìyókù fún ìgbà mìíràn. Fẹ́yìsetán ṣàlàyé fún àwọn yòókù, ẹ̀rín sì bò wọ́n. Màdáàmù bi Ṣótúndé ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ṣótúndé ní wọ́n ń kí ìyá rẹ̀ ni.

Wọ́n po ìyẹ̀fun títí apá fi ń ro wọ́n. Màdáàmù ní kó sùn di ọjọ́ kejì kó lè wú dáadáa. Ní ìlú òtútù tiwọn, bóyá. Nínú ooru Ọ̀tà, oòrùn kò tíì kàn wọ́n lórí tí ìyẹ̀fun náà fi ti aṣọ ìbòrí dànù, tó ń ṣàn lórí tábìlì, tí àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà. Màdáàmù ní kí wọ́n yára yan án. Bó ṣe tan ààrò oníná rẹ̀ báyìí ni NẸ́PÀ, tí kì í pa ayẹyẹ kankan jẹ, dé láti mú iná lọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ̀gá nítorí jẹnẹrétọ̀, ó ní díísù wà fún bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò wà fún búrẹ́dì.

Ẹfúnkẹ́ ló rántí ilé búrẹ́dì Àmọ̀dá ní Joju, tó ń fi igi dáná. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́, ó di ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Àmọ̀dá ti ṣe búrẹ́dì gidi gbẹ̀yìn; ohun tó ń fi àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ṣe, ojú ń ti òun fúnra rẹ̀ láti pè é ní búrẹ́dì. Nígbà tó rí ìyẹ̀fun funfun náà, ó fi ìka kan kàn án, ó yípadà lọ kó igi.

Èyí tó kọ́kọ́ wọnú ààrò jó, nítorí ọwọ́ Àmọ̀dá ti gbàgbé irú iná tí àlìkámà ń fẹ́. Màdáàmù ká ọwọ́ lérí. Èyí tó tẹ̀ lé e pọ́n rẹ́súrẹ́sú, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo Joju kan. Kíá ni àwọn ènìyàn ń wọ́ dé pẹ̀lú abọ́ àti ọ̀rá, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àlìkámà. Màdáàmù wo èrò náà, omi lé sí i lójú. Ó ní òun kò mọ̀ pé àṣà àwọn baba ńlá òun lè wọ àwọn ará Áfíríkà lọ́kàn tó báyìí. Ṣótúndé ní ó wọ̀ wọ́n lọ́kàn, mà.

Lẹ́yìn náà ni màdáàmù fi irin gún ìdí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wọ́n kọ́ sábẹ́ àjà, orí nísàlẹ̀, kí orí wọn má bàa rì wọnú bí wọ́n ṣe ń tutù. Ẹfúnkẹ́ ní búrẹ́dì ti di àdán. Àwọn tó wà níta rò pé wọ́n fẹ́ gbé e pamọ́ fún àwọn ni, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Kí ìjà tó bẹ́, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì pín in bíi sàárà. Àwọn tó wà lẹ́yìn fi òórùn ṣọdún.

Kí wọ́n tó túká, màdáàmù bu díẹ̀ lára ìyá rẹ̀ sínú agolo fún obìnrin kọ̀ọ̀kan, ó ní kí wọ́n máa bọ́ ọ. Ẹni tí kò rí oúnjẹ fún ọmọ, a fún un ní ìyá tí yóò máa bọ́.

Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ lóṣù Ṣẹẹrẹ, Ṣótúndé pe Nùrẹ́nì àti àwọn mìíràn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ní búrẹ́dì àwọn ìyàwó wọn gbé orí ilé iṣẹ́ ga. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n má wá mọ́ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n fi Ògúndèjì sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ó yẹ kí ẹnì kan wà tí yóò ti géètì mọ́ àwọn tí wọ́n lé.

Àwọn obìnrin yòókù ti da ìyá tiwọn nù. Ẹnì kan tiẹ̀ din tirẹ̀. Fẹ́yìsetán nìkan ló ṣì ń fún tirẹ̀ ní àgbàdo lílọ̀ àti láfún díẹ̀. Nùrẹ́nì jókòó sílé, ó ń wò ó. Ó bi í pé ṣé ìyá ẹlòmíràn ni àwọn yóò máa bọ́ nígbà tí òun kò níṣẹ́.

"Ìyá yìí, bí mo bá fún un lóúnjẹ, ó ń wú," Fẹ́yìsetán dáhùn. "Ta ló tún ń wú nínú ilé yìí?"

Ó gbé agolo rẹ̀ lọ bá Àmọ̀dá. Àmọ̀dá rẹ́rìn-ín, àmọ́ nítorí pé yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú ti wọ́n ju ohun tó lè rà lọ, ó gbà kí wọ́n dán an wò. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe le bíi bíríkì, èkejì là pẹrẹgẹdẹ. Wọ́n dín ẹ̀gẹ́ kù, wọ́n sì fi fúláwà àlìkámà díẹ̀ sí i, irú èyí tó ń gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò wọlé tí ọmọlúàbí kì í bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Níkẹyìn, wọ́n rí búrẹ́dì kan tó kan díẹ̀, ṣùgbọ́n tó wú, tí eyín sì lè wọ̀. Nùrẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn po ìyẹ̀fun. Ẹfúnkẹ́ ń tà á ní géètì ilé iṣẹ́, ó ń bú àwọn tó bá ní ó kan.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni ọkọ̀ màdáàmù dúró níwájú ilé búrẹ́dì, Ṣótúndé sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà Kérésìmesì ni màdáàmù ti wà ní ìlú rẹ̀, ó sì ti rù.

"Màdáàmù ní ìyá òun ti kú," Ṣótúndé wí.

Fẹ́yìsetán ní kó bi í léèrè, èwo nínú wọn. Ṣótúndé bi í.

"Ó ní àwọn méjèèjì."

Ìyá tó bí i lọ́mọ kú lóṣù Ṣẹẹrẹ, kò sì sí ẹni tó tọ́jú ìyẹ̀fun kíkan tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà dé Ọ̀tà, kúùkù ti fọ ìgò tirẹ̀ mọ́ tónítóní, nítorí ó ń rùn.

Fẹ́yìsetán wọlé lọ fọ abọ́. Ẹfúnkẹ́ di ìró rẹ̀ mú, ó ní kó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kó tó fún un ní ohunkóhun. Fẹ́yìsetán wo Nùrẹ́nì, tí ìyẹ̀fun dé ìgúnpá rẹ̀. Nùrẹ́nì mi orí pé kó má sọ ọ́.

"A kì í gba owó ibodè lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún ìyá rẹ̀," Fẹ́yìsetán wí.

Ó bu ìdajì ìyẹ̀fun kíkan tirẹ̀ fún màdáàmù. Ó ní kí Ṣótúndé sọ fún un pé àgbàdo ló ti ń jẹ, ó lè má mọ Ítálì mọ́. Lọ́jọ́ yẹn, Ṣótúndé túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Màdáàmù gbé abọ́ náà sí imú, ó jókòó lórí àpò láfún, ó sì sunkún títí. Ẹfúnkẹ́ fúnra rẹ̀ bomi fún un.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, dírẹ́bà gbé páálí àjàrà gbígbẹ kan wá pẹ̀lú ìkíni ilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò sí nínú ìkíni náà. Àmọ̀dá da àjàrà díẹ̀ sínú búrẹ́dì, àwọn oníbàárà ní Joju sì gbé e padà wá, wọ́n ní kòkòrò wà nínú rẹ̀. Fẹ́yìsetán kó ìyókù fún àwọn ọmọ, ó nu ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í po ti ọjọ́ kejì.