Ènìyàn Méjìlélógójì àti Ààbọ̀

Mi ò parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé mo fẹ́ fi nǹkan pamọ́. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Nígbà tí mo gbọ́ pé yunifásítì kan fẹ́ ṣe sẹ́mínà lórí ọrọ̀-ajé àti ìdàgbàsókè ìlú, tí wọ́n sì fi àyè kan sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ọwọ́, ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ó wù mí kí n jókòó láàárín àwọn tó mọ̀wé lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú.

Ìbéèrè kan ló dí mi lọ́wọ́ nínú fọ́ọ̀mù tí mo gbà láti fi bèèrè àyè náà: àgbà mélòó ló ń gbé nínú agbo ilé yín? Ẹ̀rù àṣìṣe bà mí. Mo tọ Àlàájà Ràbíátù lọ, obìnrin tó dàgbà jù nílé wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, àwa mélòó la wà nínú ilé yìí?"

Ó wò mí títí. "Misbáù, ṣé ewúrẹ́ ni wá, àbí o fẹ́ tà wá? Ta ló rán ọ kí o máa ka ènìyàn?"

"Yunifásítì ni, mà."

"Kí wọ́n lọ ka ilé bàbá tiwọn!"

Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí n ka òun lójúkojú. Mo wá dá ọgbọ́n kan tí mo rò pé ó yẹ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní Ọjọ́ Àìkú (mo ti tún wo kàlẹ́ńdà kí n tó kọ èyí), àwọn àgbà ilé péjọ fún àdúrà ẹbí. Mo ka bàtà ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹta. Márùndínláàádọ́rùn-ún ni. Mo pín in sí méjì. Ẹlòmíràn ì bá dúró ronú. Èmi tí n kò fẹ́ parọ́, mo kọ ààbọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe rí.

Lọ́sẹ̀ kejì, fóònù mi dún ní Bẹẹrẹ, ní ṣọ́ọ̀bù Bàbá Sàlámì, ọmọ ilé wa, tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe. Dókítà Hilda Dáramọ́lá ni, láti yunifásítì. Nítorí ariwo ọkọ̀, mo ṣe é kí ohùn rẹ̀ jáde síta.

"Fọ́ọ̀mù yín dùn mọ́ wa, sà. Ó ku ìbéèrè kan. Ta ni ààbọ̀ ènìyàn?"

Mo ṣàlàyé ti bàtà. Kí n tó parí rẹ̀, Bàbá Sàlámì ti dá iṣẹ́ dúró. Ẹsẹ̀ kan ni Bàbá ní. Ọkọ̀ ló gba èkejì kí wọ́n tó bí mi. Láràárọ̀ ni mò ń kí ọkùnrin yìí.

"Misbáù," ó wí jẹ́jẹ́, "èmi ni ààbọ̀?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ìṣirò ni..."

"Èmi tí mò ń tún ẹ̀rọ gbogbo aránṣọ Ìsàlẹ̀ Òsì ṣe! Bí n kò bá jí lọ́la, ta ni yóò rán ṣòkòtò nínú yín? Gbé fóònù wá."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e fún un. Ó sọ iye ẹ̀rọ tó ń wọlé sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó sọ ti àwọn irin ẹ̀rọ tí kò sí lọ́jà mọ́, tí òun ń rọ fúnra òun. Mò ń gbọ́ tí Dókítà ń wí pé, "Ẹ tún un sọ, Bàbá, mò ń kọ ọ́."

Nígbà tí fóònù padà sọ́wọ́ mi, ohùn obìnrin náà ti rọ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Misbaudeen, ẹ má bínú. Àyè kan ṣoṣo la ní, Bàbá la ó fún. Ṣé ẹ lè sìn wọ́n wá?"

Mo ti wí pé bẹ́ẹ̀ ni, mà, kí n tó mọ ohun tí mo sọ. Bàbá ti na okùn ìwọnṣọ sí mi. Agbádá ni ó fẹ́, ó ní kí n sì rán an tán kí ọjọ́ náà tó pé.